Ewé Tútù Nasuroi

Nínú agbo ilé Napeyok, ẹnikẹ́ni kì í di ẹrù lé kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lórí àhesọ. Bí ilẹ̀ bá ti gbẹ, tí ewúrẹ́ ń fẹnu gbá yanrìn kiri, ọkùnrin kan ní láti kọ́kọ́ fẹsẹ̀ rìn dé ibi tí wọ́n ń gbèrò láti kó lọ. Bó bá rí koríko níbẹ̀, á fà á tu ní ẹ̀kúnwọ́ kan, á mú un bọ̀, á sì na ọwọ́ náà sókè láti òkèèrè kí gbogbo ilé lè rí i. Ìgbà yẹn ni àwọn obìnrin á hó yèè. Bí kò bá rí nǹkan kan, á ká ọwọ́ òfìfo méjèèjì lérí bọ̀ wálé, kò ní sọ̀rọ̀, ẹnikẹ́ni ò sì ní bi í ní nǹkan kan. Ọkọ Napeyok bá àṣà yìí lọ́wọ́ baba rẹ̀, bí gbogbo darandaran ilẹ̀ Turkana ti bá a lọ́wọ́ tiwọn. Nígbà tí ọkọ kú, Napeyok gbà á, ó sì dì í mú bí ẹni di ìrù ràkúnmí mú nínú àgbàrá.

"Ìròyìn ò kún ikùn," bó ṣe máa ń wí nìyẹn. "Ẹ fi koríko hàn mí."

Kò sì sẹ́ni tó lè bá a jiyàn. Ahọ́n rẹ̀ mú ju ọ̀bẹ tí àwọn ọkùnrin Turkana ń wọ̀ sọ́rùn ọwọ́ lọ. Ó ti fi ahọ́n yẹn lé àwọn olè ẹran padà rí, ó ti fi bú olóyè lójú àwọn ìyàwó rẹ̀, ó sì ti fi sọ fún àlùfáà kan pé kí ó kọ́kọ́ gbàdúrà kí ojú òun alára mọ́ kí ó tó wá máa gbàdúrà fún òjò.

Ṣùgbọ́n òjò kọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin léraléra, ahọ́n ò sì lè bú òjò kí ó rọ̀. Àádọ́rùn-ún ewúrẹ́ wọn di mẹ́rìnlá. Nínú mẹ́rìnlá yẹn, ẹyọ kan péré ló ṣì ń ṣe wàrà, abo dúdú kan tí etí rẹ̀ ọ̀tún funfun. Elétí Funfun ni wọ́n ń pè é. Wàrà rẹ̀ kò ju ohun tó lè kún àtẹ́lẹwọ́ èèyàn lọ lówùúrọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni nírọ̀lẹ́, ẹnu ẹnì kan ṣoṣo ló sì ń lọ: Erupe, ọmọ oṣù méje, ọmọ Lokwang, ọmọ ọmọ Napeyok. Erupe ni wọ́n ń sọ ọmọ tí wọ́n bí lásìkò òjò. Lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, òjò ta sílẹ̀ bí itọ́ arúgbó, inú gbogbo ilé dùn, wọ́n fún ọmọ lórúkọ. Òjò náà ò padà wá gbọ́ orúkọ ọ̀hún mọ́.

Ọmú Asekon, ìyá ọmọ, ti gbẹ. Ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń jẹ ni èso igbó tí wọ́n ń sè lẹ́ẹ̀mẹ́fà, tí wọ́n ń da omi rẹ̀ nù lẹ́ẹ̀mẹ́fà, kí oró tó kúrò lára rẹ̀. Irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ kì í di wàrà lọ́yàn ẹnikẹ́ni.

Bí nǹkan ṣe rí nìyẹn nígbà tí Ebenyo gun alùpùpù dé láti ìlú Lodwar. Ọmọ àbúrò Napeyok ni, ó ti kàwé, ó ti ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọ̀dá. Bàtà rẹ̀ funfun débi pé àwọn ewúrẹ́ wá gbóòórùn rẹ̀ wò.

"Màmá, ẹ kú ilé o."

"Ilé wo? Egungun lo rí, o ń kí i kú ilé. Ṣé tábà wà lọ́wọ́ ẹ?"

Tábà wà. Napeyok fi sẹ́nu, ó wá fààyè gba ọ̀rọ̀. Ebenyo yọ fóònù kan tí awọ rẹ̀ le bí awọ alábahun, ó kúnlẹ̀ tì í.

"Ẹ wò ó, Màmá. Sátẹ́láìtì ló ń bá èyí sọ̀rọ̀. Ojú ni. Ó wà lókè, ó ga ju ibi tí igún ń fò dé lọ. Ó ń wo gbogbo ilẹ̀ Turkana lẹ́ẹ̀kan náà. Ibi tí ilẹ̀ bá ti gbẹ, á fi pupa kùn ún. Ibi tí ewé bá ti tutù, á fi àwọ̀ ewé kùn ún. Kò séèyàn tó tún máa rìnrìn òfo mọ́."

Napeyok wo fóònù, ó wo Ebenyo. "Ojú tó rí gbogbo ilẹ̀ Turkana yìí, ṣé ó rí wa pé a ò tíì jẹun látàná?"

Ebenyo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò dé ẹnu. "Ìyẹn ò sí nínú iṣẹ́ tiẹ̀, Màmá."

"Ojú tó ń rí koríko, tí kò rí èèyàn. Ojú ewúrẹ́ nìyẹn."

Lokwang bú sẹ́rìn-ín, àní Asekon náà rẹ́rìn-ín, ó ti pẹ́ tí ẹ̀rín ti wọ àgbàlá yẹn gbẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n Ebenyo fi ìka sún àwòrán náà, gbogbo rẹ̀ pupa, pupa bí ojú ọgbẹ́, títí ó fi dé ibì kan níhà gúúsù tí àwọ̀ ewé tẹ́ sí bí ẹní.

"Ibo nìyẹn?" Lokwang béèrè.

"Nasuroi."

Napeyok dẹ́kun tábà jíjẹ. Ó mọ Nasuroi. Àfonífojì ni, láàárín òkè méjì. Nígbà tó wà ní wúńdíá, koríko ibẹ̀ ń dé orókún, àwọn ọmọbìnrin á sùn sínú rẹ̀, ìyá wọn á máa wá wọn kiri. Ó ti ju ọgbọ̀n ọdún lọ tó ti débẹ̀ gbẹ̀yìn.

"Èmi á lọ wò ó," ni Lokwang wí. Ó ti ń na ọwọ́ mú ọ̀pá àti àpótí ìjókòó rẹ̀. "Ọjọ́ mẹ́ta àlọ, ọjọ́ mẹ́ta àbọ̀."

Oníkálukú ń ṣírò rẹ̀ nínú. Ọjọ́ mẹ́fà kí Lokwang tó dé. Ọjọ́ márùn-ún mìíràn kí ewúrẹ́ àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó rìn dé Nasuroi. Ọjọ́ mọ́kànlá. Kò sẹ́ni tó wo Elétí Funfun, ṣùgbọ́n òun ni gbogbo wọn ń rò.

"Àbí ká kúkú lọ sí etí títì?" Asekon sọ ọ́ wẹ́rẹ́. "Ọjọ́ méjì ni. Wọ́n ní wọ́n ń pín àgbàdo níbẹ̀, àti ìyẹ̀fun àwọn ọmọdé."

"Etí títì!" Napeyok tutọ́ tábà sílẹ̀. "Wo àwọn tó lọ lọ́dún tó lọ lọ́hùn-ún. Ta ló padà nínú wọn? Ewúrẹ́ wọn tán, wọ́n jókòó síbẹ̀, wọ́n ń na ọwọ́ sí mọ́tò tó ń kọjá. Ẹran ló ń jẹ́ èèyàn, Asekon. Kò sí ewúrẹ́, kò sí Turkana."

"Màmá," Ebenyo ní, ohùn rẹ̀ rọ̀, "ọjọ́ iwájú ló wà lọ́wọ́ mi yìí. Nígbà tí Erupe bá dàgbà, kò ní fẹsẹ̀ wá koríko kiri bíi ti baba rẹ̀. Á tẹ fóònù, á mọ ibi tí òun ń lọ."

Nígbà tí Erupe bá dàgbà. Ọ̀rọ̀ yẹn ló wọlé. Erupe wà lẹ́sẹ̀ Napeyok, ó ń fa oríkèé ìka rẹ̀ mu, ó ń fà á bí ẹni pé nǹkan wà níbẹ̀. Obìnrin náà wo orí ọmọ. Àwùjẹ̀ rẹ̀ ti jìn wọlé.

"Ẹ di ẹrù," ló wí.

Lokwang rò pé òun ò gbọ́ dáadáa. Asekon ló béèrè: "Ìyá, koríko ńkọ́?"

"Koríko wà nínú fóònù. Mo ní kí ẹ di ẹrù."

Wọ́n rìn fún ọjọ́ márùn-ún. Ewúrẹ́ mẹ́ta ṣubú lọ́nà, wọ́n jẹ èyí tí wọ́n lè jẹ nínú ẹran gbígbẹ náà, wọ́n fi ìyókù fún igún. Asekon ń bu omi la wàrà Elétí Funfun kí ó lè tó lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́. Ara Napeyok ń ro ó, ṣùgbọ́n òun ló ń kọrin. Ó ń kọrin nípa Nasuroi, nípa koríko tó ń bo ọmọbìnrin mọ́lẹ̀, ó ń sọ fún Erupe pé, "Wàá sùn sínú ẹ̀, màá máa wá ọ, màá ṣe bí ẹni tí kò rí ọ."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹfà, wọ́n gun òkè tó kẹ́yìn, wọ́n sì rí i.

Àwọ̀ ewé ni. Láti ẹsẹ̀ òkè kan dé ẹsẹ̀ òkè kejì, ó tutù yọ̀yọ̀, ó ń dán lábẹ́ oòrùn. Ẹni tí kò rí nǹkan kan bí kò ṣe erùpẹ̀ láti bí ọdún méjì, ìwọ rò ó wò. Asekon hó yèè, ó gbé ọmọ sókè kí ojú tirẹ̀ náà lè tó o. Lokwang ń lu itan, ó ń fò. "Màmá! Ojú òkè ò parọ́! Ojú òkè ò parọ́ fún wa!" Àwọn ewúrẹ́ gbóòórùn ewé, ẹsẹ̀ tó ń wọ́ tẹ́lẹ̀ sáré sọ̀kalẹ̀.

Napeyok ò hó. Atẹ́gùn gbé òórùn kan wá bá a, òórùn dídùn, bí oyin tó fẹ́ kan. Ọdún tó ti gbọ́ òórùn yẹn mọ́ ìka ara rẹ̀ kò ṣeé kà mọ́, ṣùgbọ́n imú kì í gbàgbé.

"Etirae," ló wí.

Etirae ni. Igi ẹlẹ́gùn-ún. Kò sí koríko ní Nasuroi mọ́, igi yẹn ló kún ibẹ̀ dẹ́nu, ẹ̀gún lórí ẹ̀gún, ó dí débi pé ejò gan-an á wá ọ̀nà tì. Abẹ́ rẹ̀ mọ́ tóní, bí ẹni fi ìgbálẹ̀ gbá a. Ewé rẹ̀ korò lẹ́nu ẹran. Èso rẹ̀ nìkan ni ewúrẹ́ lè jẹ, ó sì kúkú dùn, ìyẹn gan-an ni ìjàǹbá rẹ̀: ẹran tí ebi ń pa á jẹ ẹ́ títí ikùn á fi wú, èyí tó bá yè á máa jẹ ẹ́ títí eyín á fi jẹrà tán lẹ́nu rẹ̀.

Ojú òkè ò parọ́ lóòótọ́. Ewé ló ní òun rí, ewé ló sì wà níbẹ̀.

Ohun tí Napeyok ò sọ fún ẹnikẹ́ni lórí òkè yẹn ni pé òun mọ ẹni tó gbin igi náà. Nínú ìyàn ọjọ́sí, nígbà tí Lokwang ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀, tí kò ju bí Erupe ṣe wà yìí lọ, àwọn kan gbé mọ́tò dé etí odò Kerio, wọ́n kó ọmọ igi kéékèèké inú ọ̀rá dúdú sọ̀kalẹ̀. Wọ́n ní igi ọjọ́ iwájú nìyẹn. Ọ̀dá ò lè pa á. Á dá yanrìn dúró, á fún ewúrẹ́ lóúnjẹ, á di igi ìdáná. Ẹni tó bá gbin ogún, ife àgbàdo kan. Napeyok gbin ín títí ìdí èékánná rẹ̀ fi ń ṣẹ̀jẹ̀. Ó gbin igba. Àgbàdo yẹn ló fi dá ẹ̀mí Lokwang sí. Gbogbo ohun tí wọ́n sọ nípa igi náà ló sì ṣẹ pátá. Ohun tí wọn ò sọ ló pọ̀. Wọn ò sọ pé á fa omi abẹ́ ilẹ̀ mu tán. Wọn ò sọ pé ewúrẹ́ á máa gbé irúgbìn rẹ̀ kiri nínú ìgbẹ́, láti Kerio dé ibi tí ẹnikẹ́ni ò rán an dé.

Wọ́n gbẹ́ kànga sínú odò gbígbẹ. Lokwang wọ̀ ọ́ títí wọn ò fi rí orí rẹ̀ mọ́ kó tó kan omi, omi náà sì níyọ̀. Wọ́n so àwọn ewúrẹ́ mọ́lẹ̀ kí wọ́n má baà jẹ èso, ṣùgbọ́n okùn wo ló lè mú ebi dúró? Lọ́jọ́ kejì, Elétí Funfun já okùn rẹ̀. Nígbà tí Lokwang rí i, ikùn rẹ̀ ti wú bí ìlù, ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń tàpá sófuurufú. Napeyok kúnlẹ̀ sídìí ẹran tó ń kú, ó ń fún ọmú rẹ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́, ó ń bú u, ó tún ń bẹ̀ ẹ́. Ohun tó rí kò bo ìdí igbá.

Lọ́jọ́ kẹta, ní ọ̀sán gangan, Erupe kú. Kò sunkún. Ó ti tó ọjọ́ kan tí kò ti sunkún mọ́. Ó kàn ń wo ojú ìyá rẹ̀, nígbà tó yá, kò wò ó mọ́.

Wọ́n sin ín sábẹ́ òkúta, ní ẹ̀bá òkè, níbi tí gbòǹgbò etirae ò tíì dé. Asekon jókòó sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀, ẹyọ kan lẹ́yìn òmíràn, bí obìnrin ti ń ṣe nígbà ọ̀fọ̀. Ó pẹ́ kí ó tó tú u tán. Ọrùn tó kù lábẹ́ rẹ̀ funfun, ó sì tín-ín-rín bí ti ọmọdé. Ìgbà yẹn ló sọ̀rọ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, kò sì pariwo.

"Ìyá, ẹ̀yin lẹ ní ká di ẹrù."

Napeyok tó máa ń dá gbogbo ayé lóhùn gbé ọwọ́ sọ́rùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú tiẹ̀ náà.

Ebenyo dé ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e. Ó ń ti alùpùpù rẹ̀ bọ̀ ni, ẹ̀gún etirae ti gún táyà rẹ̀ méjèèjì. Síbẹ̀ ó ń rẹ́rìn-ín láti òkèèrè, ó ń ju ọwọ́. Ọ́fíìsì ló rán an kí ó wá ya àwòrán àwọn tí fóònù gbà là.

"Màmá! Ẹ ti jẹ́ kí ewúrẹ́..."

Ó rí ọrùn wọn. Ó rí òkúta. Ẹ̀rín náà wà lójú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, bí àlejò tí kò mọ bó ṣe máa jáde.

"Jókòó," Napeyok wí. "Yọ ọ́ jáde. Fi Nasuroi hàn mí."

Ó yọ ọ́. Àwọ̀ ewé náà ṣì tẹ́ síbẹ̀, ó mọ́ rekete.

"Ibo la wà nínú ẹ̀?"

"Àárín ibí yìí gan-an, Màmá."

"Àárín oúnjẹ." Ó mi orí. "Báwo ni ojú yẹn ṣe máa mọ etirae yàtọ̀ sí koríko?"

"Ẹnì kan ní láti wà nílẹ̀ láti sọ fún un. Àwọn tó ṣe é wà lókè òkun, wọn ò..." Omi ti dé ojú rẹ̀. "Màá gun òkè lọ wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Màá ya igi yìí, màá fi ránṣẹ́. Wọ́n á tún un ṣe."

"Ọjọ́ mélòó?"

"Bóyá oṣù kan."

"Ọmọ mélòó ló wà nínú oṣù kan, Ebenyo?"

Ebenyo da ojú fóònù dé sórí itan rẹ̀.

"Àwa nìkan lo fi hàn?"

Ìbéèrè yẹn ló pa á. "Rárá, Màmá. Ó lọ sórí gbogbo fóònù. Agbo ilé mẹ́rìndínlógójì ti fèsì pé àwọn ti gbéra."

Napeyok dìde. Orókún rẹ̀ ró bí igi gbígbẹ. "Lokwang, ìwọ gba ọ̀nà gúúsù. Èmi á gba ọ̀nà tá a bá wá. Ìwọ Ebenyo, gun òkè rẹ, ránṣẹ́ sí wọn kí wọ́n padà. Má jókòó tì mí sunkún, èmi ni mo ní ká gbéra, kì í ṣe ìwọ. Sọ fún ojú rẹ pé mo ní kò bú mi, mi ò bú u. Àwa méjèèjì rí ewé láti òkèèrè ni."

Asekon ò sọ pé kí ìyá ọkọ òun má lọ. Ó bu omi oníyọ̀ sínú akèrègbè, ó gbé e kọ́ ọ léjìká.

Napeyok ṣẹ́ ẹ̀ka etirae kan kó tó lọ. Ó fẹ́ kí àwọn tí òun bá pàdé fojú ara wọn rí i. Ó mọ irú wọn, ìròyìn lásán ò ní yí wọn padà, pàápàá ìròyìn lẹ́nu arúgbó tí oòrùn ti pa. Ẹ̀gún gún un lọ́wọ́, kò jù ú sílẹ̀.

Ó rin ọjọ́ yẹn, ó sùn sẹ́bàá òkúta, ó tún rìn. Nígbà tí oòrùn dé àárín orí, ó rí erùpẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, lẹ́yìn náà kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ márùn-ún, lẹ́yìn náà èèyàn, ewúrẹ́ díẹ̀ tó ń rìn bí òjìji. Ó pè wọ́n, ohùn kò jáde. Ló bá na ọwọ́ sókè, ó ń fi ẹ̀ka náà juwọ́ sí wọn kí wọ́n lè dúró.

Wọ́n hó yèè.

Ohùn àwọn obìnrin náà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lórí atẹ́gùn, tẹ́ẹ́rẹ́, ó dùn. Àwọn ọmọdé ń fò. Ẹnì kan gbé ìkókó sókè. Wọ́n ń na kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kí ó yára. Ohun tí wọ́n rí ni arúgbó kan tó ń ti ọ̀nà Nasuroi bọ̀, tó mú nǹkan tutù lọ́wọ́, tó nà á sókè.

Napeyok ju ẹ̀ka náà nù bí ẹni ju iná. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì, ó ká a lérí. Ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gún ń ṣàn sí i ní iwájú orí, níbi tí ìka tí Erupe ń fà mu wà. Ó dúró bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀nà.

Ariwo ayọ̀ náà kò dáwọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó ń kú lẹ́nu ẹnì kan lẹ́yìn ẹnì kan, ọmọdé ló dákẹ́ gbẹ̀yìn. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò sẹ́ni tó bi í ní nǹkan kan. Bí àṣà ṣe wí nìyẹn. Ọmọbìnrin tó pọn ìkókó nìkan ló sún mọ́ ọn, ojú rẹ̀ ń wá ibi tí ewé wà nílẹ̀.

"Màmá, a rí i nínú fóònù."

"Èmi náà rí i, ọmọ mi." Napeyok sọ ọwọ́ kalẹ̀ lórí, ó fi kan ẹsẹ̀ ìkókó náà. Ẹsẹ̀ náà ṣì gbóná. "Ẹ yà sí etí títì. Ẹ má wo ẹran lẹ́yìn. Ẹ gbé ọmọ yìí lọ sí etí títì."